Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran: Àgbéyẹ̀wò Ọdún Àkọ́kọ́ Pẹ̀lú Àtọ̀gbẹ Oríṣi Kìíní

Ọmọ tí kò tọ̀ sórí ibùsùn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́n. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán tòru. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Ṣòkòtò iléèwé tí wọ́n rán ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ti ń bọ́ ní ìdí rẹ̀. Ìyá ní ibà ni, ìyá àgbà ní aràn ni. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, wọ́n gbé e lọ sí kíníìkì àdúgbò, wọ́n sì fa omi sí i lára, wọ́n ní ibà ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí omi náà bá lọ jẹ́ omi oníṣúgà, epo ni wọ́n ń rọ síná. Ó di ilé ìwòsàn ńlá kí ẹnì kan tó gún ọmọ náà níka, kí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ tó kọ nọ́ńbà tó lé ní 400, kí dọ́kítà tó pe bàbá àti ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ni, pé oríṣi kìíní ni, pé abẹ́rẹ́ ni ọmọ yìí yóò máa gbà títí ayé.

Ohun tó yẹ kí ìdílé kan ṣe láti ìṣẹ́jú yẹn títí ọdún yóò fi yí po ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mi ò mọ àìsàn tí òwe yìí bá mu tó èyí. Ìbànújẹ́ nìkan kì í pa ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ohun tí ìbànújẹ́, ìtìjú tàbí ìrètí òdì bá mú un ṣe sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ń pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ ìdílé bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ tí kò bi wọ́n léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe. Ẹni tó sì ń tù wọ́n nínú ṣáá láìkọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, ó ń tàn wọ́n jẹ ni.

Ohun tó bàjẹ́ nínú ara

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn dọ́kítà ń pè ní pancreas. Inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlínì wà. Iṣẹ́ ínsúlínì ni láti ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kó lè wọlé, kó di agbára fún ara. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, tí wọ́n sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Oúnjẹ wá kún ọjà, ilẹ̀kùn ilé tì pa, ebi sì ń pa àwọn tó wà nínú ilé. Ara tí ebi ń pa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá ara rẹ̀ bí ìdáná. Láti inú ọ̀rá tó ń jó yẹn ni àwọn ásíìdì tí wọ́n ń pè ní kítóònù ti ń jáde. Àwọn ló ń mú ọmọ bì, tí wọ́n ń mú èémí rẹ̀ rùn bí èso tó pọ́n jù, tí wọ́n sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, èyí tó ń ṣe bàbá àgbà tàbí ìyá ọlọ́jà tó ti dàgbà, oríṣi kejì ni. Ínsúlínì ṣì wà lára tiwọn. Ara ni kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa mọ́. Wọ́n lè fi oògùn oníhóró, oúnjẹ tó níwọ̀n àti eré ìdárayá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ibi tí ìmọ̀ràn àwọn ẹbí ti máa ń ṣìnà nìyí. Ohun tó ran ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́wọ́ ni wọ́n á ní kí ọmọ náà máa ṣe: kó má jẹ dídùn, kó máa mu omi ewúro. Àmọ́ kò sí ewé tó lè rọ́pò ínsúlínì tí ara kò pèsè mọ́. Àwọn dọ́kítà pàápàá a máa ṣi oríṣi méjèèjì gbé fún ara wọn. Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ hàn lára Theresa May lọ́dún 2012, oríṣi kejì ni wọ́n pè é, ó sì ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ìgbà tí oògùn oníhóró kò ràn án ni wọ́n mọ̀ pé oríṣi kìíní ni. Lọ́dún 2016 ó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí dọ́kítà sọ fún ìyá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, kó sì tún un sọ: kì í ṣe ìwọ lo fà á. Kì í ṣe bisikíìtì, kì í ṣe tíì oníṣúgà, kì í ṣe oyún tí o lóyún rẹ̀. Kì í sì í ṣe aládùúgbò ló sà sí i. Bí a kò bá tètè sọ èyí, ìyá á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lóru, ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá kiri nígbà tó yẹ kí wọ́n máa wá owó ínsúlínì.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Kí 1922 tó dé, ìdájọ́ ikú ni àrùn yìí. Ìtọ́jú tó lókìkí jù lọ nígbà náà, èyí tí dọ́kítà Frederick Allen ń lò ní Amẹ́ríkà, ni kí wọ́n fi ebi pa ọmọ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn sí i ní oṣù mélòó kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922, ní ilé ìwòsàn kan ní Toronto, Kánádà, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní omi tí Frederick Banting àti Charles Best fà jáde láti inú pancreas ẹran. Èyí àkọ́kọ́ yẹn kò mọ́ tó. James Collip tún un ṣe, wọ́n sì gún un lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ó gbé ọdún 13 sí i láyé. Dọ́là kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kọ orúkọ sí ìwé ẹ̀tọ́ oògùn náà gbà kí wọ́n tó fà á lé Yunifásítì Toronto lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di tara rẹ̀. Ọjọ́ ìbí Banting, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ni gbogbo ayé fi ṣe Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ó yí ìtumọ̀ abẹ́rẹ́ padà. Ìdílé tó ń wo abẹ́rẹ́ bí ìyà yóò máa wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà bọ́ nínú rẹ̀. Ìdílé tó bá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ni gbogbo òbí tó ṣáájú 1922 ń wá tí wọn ò rí, ojú mìíràn ni wọn yóò fi wò ó.

Iṣẹ́ ọwọ́

Ohun márùn-ún ló yẹ kí ìdílé mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Èkíní ni fífa ínsúlínì. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò, tó sábà máa ń jẹ́ 100, gbọ́dọ̀ bá ti ara síríńjì mu. Ìgò tó bá funfun bíi mílíìkì, kí ẹ rọra yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ máa yí ibi tí ẹ ń gún padà, lónìí ikùn, lọ́la itan, nítorí ojú kan náà tí à ń gún lójoojúmọ́ yóò wú kókó, ínsúlínì kò sì ní wọ ara dáadáa láti ibẹ̀ mọ́.

Èkejì ni gígún ìka láti wo ìwọ̀n ṣúgà, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nọ́ńbà kì í ṣe máàkì ìdánwò. Ọmọ tí wọ́n ń bá wí nígbàkígbà tí nọ́ńbà bá ga yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà irọ́ sílẹ̀, irọ́ yẹn sì ni dọ́kítà yóò fi díwọ̀n oògùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀. Bó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL, ọmọ á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, inú á máa bí i láìnídìí. Olùkọ́ lè pè é ní oríkunkun. Kí ẹ fún un ní nǹkan bíi gíráàmù 15 ṣúgà kíákíá: ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ pò mómi, tàbí mínírà tó dùn bí ìdajì ife. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wò. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ àìsàn. Ọmọ tí ibà ń ṣe tí kò lè jẹun ṣì nílò ínsúlínì. Ẹ lè dín in kù bí dọ́kítà bá ṣe ní kí ẹ ṣe é, ẹ má kàn dá a dúró. Inú àṣìṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń padà sí ilé ìwòsàn.

Ìkarùn-ún ni ìpamọ́. Ìgò tí a kò tíì ṣí, inú fìríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá di yìnyín, ó ti bàjẹ́. Èyí tí à ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá pọ̀. Nílẹ̀ tí iná ìjọba ti ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìkòkò amọ̀ àwọn ìyá wa ṣì wúlò. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ki ìkòkò kan bọnú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi ń pa ewébẹ̀ mọ́ ní tútù. Iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ọgbọ́n yẹn náà ni àwọn tó ń lo ínsúlínì ní ilẹ̀ olóoru ń lò: wọ́n á kó ìgò sínú ohun tí omi kò lè wọ̀, wọ́n á sì gbé e sínú ìkòkò. Lágbègbè tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ti Èkó, ìkòkò náà kì í tutù tó ti òkè Ọya, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Èrò méjì ló ń fa ara wọn láṣọ níbí. Àwọn kan ní kí ẹ ka ọ̀pọ̀ oúnjẹ léèwọ̀: kò sí iyán, kò sí ìrẹsì, kò sí ẹ̀bà, ewùsá àti ẹ̀wà nìkan. Ní Düsseldorf, nílẹ̀ Jámánì, dọ́kítà Michael Berger àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe díwọ̀n oúnjẹ onítáàṣì tó wà níwájú rẹ̀, kó sì wọn ínsúlínì tó bá a mu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ọ̀nà náà wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002: ṣúgà àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà dára sí i, ayé sì tún gbádùn mọ́ wọn sí i.

Èmi gbè sẹ́yìn èrò kejì, mo sì mọ ibi tí ó ti nira fún wa. Ẹni tó ń lo ínsúlínì àlùpọ̀ tí wọ́n ń gún láàárọ̀ àti lálẹ́ kò lómìnira tó ẹni tó ń gún ún pẹ̀lú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìdílé bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni kí òkèlè rí bákan náà lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbakọ ẹ̀bà kan lánàá, kó jẹ́ ọ̀kan lónìí, kí àkókò oúnjẹ má sì yẹ̀. Kí ewédú, ilá àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo. Kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ kan náà. Ọmọ tí wọ́n ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè lọ́tọ̀, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń jẹ dòdò lójú rẹ̀, yóò jí dòdò jẹ.

Oṣù tí àrùn ṣe bí ẹni pé ó lọ

Ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni mo rò pé ẹ̀mí púpọ̀ ti ń bọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọmọ ti ń gba ínsúlínì, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú pancreas rẹ̀ máa ń sinmi, wọ́n sì máa ń tún gbéra díẹ̀. Ínsúlínì tó nílò á dín kù gan-an. Ó lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ó tó ọdún. Àwọn dọ́kítà fi í wé ìgbà tí ìyàwó ṣì jẹ́ tuntun nílé ọkọ.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìyá ti ń gbààwẹ̀, tí bàbá ti ń wá alágbo kiri, tí ìyá àgbà ti ń bẹ Ọlọ́run. Lójijì, nọ́ńbà dára. Ọmọ fò sókè, ó ń ṣeré. Gbogbo ẹni tó ṣe nǹkan kan ló rò pé nǹkan tòun ló ṣiṣẹ́. Wọ́n jẹ́rìí níwájú ìjọ, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ tì. Ọjọ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá rẹ̀wẹ̀sì pátápátá, ìbì àti mímí hẹlẹhẹlẹ á tún padà dé, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àdúrà kì í bá abẹ́rẹ́ jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí dọ́kítà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá ọmọ sílẹ̀, pé àkókò kan ń bọ̀ tí yóò dà bíi pé ó ti lọ, kò sì tíì lọ. Kí ó sọ ọ́ fún pásítọ̀ àti àfáà ìdílé náà bí wọ́n bá lè wá, nítorí ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n ju ti dọ́kítà lọ nínú ilé púpọ̀. Ìkìlọ̀ tó ṣáájú ìdẹwò ló ń gbani.

Ọkàn tó rẹ̀

Ìbànújẹ́ àkọ́kọ́ máa ń lọ sílẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í pariwo: àárẹ̀. Gún ìka, fa oògùn, ṣírò oúnjẹ, jí lóru wo ọmọ bóyá ó ń làágùn. Kò sí ìsinmi Sátidé, kò sí ti ọdún. Lọ́dún 1995, William Polonsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé àkójọ ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn ìnira ọkàn tí àtọ̀gbẹ ń dá sílẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn wúlò gan-an: àárẹ̀ yìí kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Èrè iṣẹ́ tí kì í tán ni. Ẹni tó ń pa abẹ́rẹ́ jẹ nítorí ó ti sú u kò nílò ìbáwí. Ó nílò ẹni tí yóò gba apá kan iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lè di àjàgà. Láti 1983 sí 1993, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ̀ lé ènìyàn 1,441 tó ní oríṣi kìíní. Ewu àrùn ojú fi ìdá 76 nínú 100 dín kù lára àwọn tí wọ́n tọ́jú ṣúgà wọn gidigidi. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó ń lọ sílẹ̀ débi ewu pọ̀ lára àwọn yẹn kan náà, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí ìdílé fi gbọ́dọ̀ bá dọ́kítà wọn fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lépa ní ọdún àkọ́kọ́, pàápàá bí sítírípù tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò bá pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ká sọ, àbí ká fi pa mọ́?

Láyé àtijọ́, kí ìyàwó tó wọlé, alárinà á ti wádìí ìdílé bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ìwádìí yẹn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Òun ló ń mú òbí sọ fún ọmọbìnrin wọn pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí ọmọ fi ń gún un ní ilé ìgbẹ́ iléèwé, tí ẹni tó já lù ú fi ń rò pé oògùn olóró ló ń fà.

Mo mọ ohun tí òbí ń bẹ̀rù, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lójú pópó, ẹni tó mọ̀ nìkan ló lè gbà á là. Ó kéré tán, kí olùkọ́ kan, ọ̀rẹ́ kan àti ẹni tó ń gbé e lọ síléèwé mọ̀. Ní ti ìgbéyàwó, ọmọ tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ ní àrùn yìí, ewu pé òun náà yóò ní in kò tó 10 nínú 100. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀. Ìwọ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹni tó mọ̀ tí kò sá.

Ta ló ni abẹ́rẹ́?

Sonia Sotomayor, tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ọmọ ọdún 7 ni òun nígbà tí àrùn yìí dé, tí bàbá àti ìyá ń jà lórí ẹni tí yóò gún òun. Ó gun orí àga, ó tan sítóòfù, ó se síríńjì, ó sì gún ara rẹ̀. Ìtàn akọni ni. Àmọ́ mo bẹ òbí, ẹ má sọ ọ́ di òfin. Ìwádìí fi hàn pé ọmọ tí òbí rẹ̀ ò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ ló ń ṣe dáadáa jù. Kí ọmọ gún un, kí ẹ jókòó tì í. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Owó

Láti 1977 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ínsúlínì sínú àkójọ oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n. Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì fi ń rà á, iye rẹ̀ sì fò sókè lẹ́yìn tí náírà wálẹ̀ ní 2023. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 ní kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè wọlé sí i. Ó yẹ kí ínsúlínì, síríńjì àti sítírípù ọmọdé wà lókè nínú ohun tí òfin náà yóò máa san. Ohun kan ti dára: láti 2012 ni wọ́n ti ń dá àwọn dọ́kítà ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe lórí irú àrùn báyìí ní Èkó, tí àwọn dọ́kítà láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ń wá kọ́ ọ. Títí ìjọba yóò fi jí, kí ìdílé bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa ẹgbẹ́ àwọn tó ní àrùn náà. Ìgò kan tí a yá lọ́wọ́ ẹnìkejì ti dá ẹ̀mí púpọ̀ sí.

Ní Boston, láti 1970, ilé ìtọ́jú Joslin ti ń fún ẹni tó bá ti lo ínsúlínì fún 50 ọdún ní àmì ẹ̀yẹ. Àwọn tó ti gbà á kò kéré níye. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní alẹ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀ nílé.

Alẹ́ yẹn ń bọ̀ wá bá ìyá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Iná ìjọba lè má sí. Ọmọ á na apá, á di ojú. Omijé á wá sójú ìyá, kí ó jẹ́ kó máa ṣàn. Kí ó ṣáà gbé síríńjì náà súnmọ́ àtùpà, kí ó rí ìlà tí dọ́kítà fi hàn án dájúdájú, kó tó gún un.